Báwo ni VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe ń ṣírò owó anxiety (àìsàn ìpayà ọkàn) fún ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn?
Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín o. Orúkọ àìsàn kọ́ ni VA ń sanwó lé lórí, bó ṣe ń dí èèyàn lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ àti láàárín ẹbí ni wọ́n ń wò. Dókítà gbọ́dọ̀ ti sọ pé anxiety ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ̀rí wà pé nǹkan ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n wà níṣẹ́ ológun, kí nǹkan sì so méjèèjì pọ̀. VA sábà máa ń pè wọ́n wá fún àyẹ̀wò, C&P exam ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wá fún wọn ní ìwọ̀n bí àìsàn náà ṣe le tó, ìyẹn 0, 10, 30, 50, 70 tàbí 100 pasẹ́ǹtì, 0 ò lówó nínú o. Kí jìnnìjìnnì máa mú èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ wà lára àmì 50. Tí PTSD, àìsàn ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú máa ń fà, bá tún wà níbẹ̀, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún méjèèjì. Ibi táwọn èèyàn wa ti ń pàdánù ni pé wọ́n á jókòó síwájú dókítà, wọ́n á ní "a dúpẹ́, kò sí wàhálà", torí ojú ń tì wọ́n, ohun tí wọ́n bá sì sọ nìyẹn ló máa kọ. Ẹ ní kí wọ́n sọ bọ́jọ́ tó burú ṣe ń rí gan-an.