Kí ẹ tó dá módẹ́ẹ̀lì lẹ́bi, ẹ wo orúkọ fáìlì yín

Ẹ ní ẹ ti kó fọ́tò Sentinel-2, sátẹ́láìtì tó ń ya ilẹ̀ láti òkè, jọ láti 2018 dé 2024 fún agbègbè Oǹdó, pé ẹ fi ti 2018 sí 2021 kọ́ módẹ́ẹ̀lì kan (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ láti inú fọ́tò) láti dá oko kòkó mọ̀, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ló ti ń sọ pé igbó ń pa run. Ẹ wá ń béèrè módẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rọ́pò nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe yín yìí ti ṣe mí rí, oṣù mẹ́rin ló sì gbà lọ́wọ́ mi.

Ìdànrè ni tèmi. Máàpù mi pupa yòò, ó ní wọ́n ti gé kòkó ibẹ̀. Mo gbà á gbọ́, mo tiẹ̀ ti ń kọ ìròyìn rẹ̀. Nígbà tí mo gun ọ̀kadà débẹ̀, tí mo ń tẹ̀ lé àmì orí fóònù, abẹ́ igi kòkó tó ṣú dẹ̀dẹ̀ ni mo bá ara mi, ewé gbígbẹ mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá tó ni oko ń fọ́ kòkó lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé ẹ gé kòkó yín ní èṣí ni?" Wọ́n wò mí títí. "Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá mi ló gbin èyí tó o dúró sábẹ́ rẹ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára gidi. Òfin tí European Union ṣe ní 2023 fi ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 ṣe ààlà: kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ẹ ò rí i pé máàpù tí kò tọ̀nà lè ba ọjà àgbẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jẹ́.

Ohun tó fà á rèé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 2022, ESA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù, yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe fáìlì Sentinel-2 padà. Láti ìgbà náà, wọ́n ń fi 1000 kún nọ́ńbà inú fáìlì, kí èyí tó bá kéré ju òdo má baà sọnù níbi tí ilẹ̀ tàbí omi bá ti dúdú jù. Ẹ ní láti yọ 1000 yẹn kúrò kí ẹ tó fi 10000 pín in.

Ẹ gbé ewé kòkó kan yẹ̀ wò: infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí) tó tàn padà lára rẹ̀ jẹ́ 3500, pupa jẹ́ 400. NDVI, ìwọ̀n bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó, ni infrared tí a yọ pupa kúrò nínú rẹ̀, tí a wá fi àpapọ̀ méjèèjì pín: 3100 tí a fi 3900 pín, ìyẹn 0.79. Ẹ wá fi 1000 kún méjèèjì: 4500 àti 1400. Ó di 3100 tí a fi 5900 pín, ìyẹn 0.53. Ewé kan ò já lórí igi o! Àmọ́ lójú módẹ́ẹ̀lì, oko ti ṣá.

Ẹ má wo ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò nìkan, torí wọ́n ti tún àwọn fọ́tò àtijọ́ kan ṣe lọ́nà tuntun. Ẹ wo N àti nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀ lé e nínú orúkọ fáìlì: láti N0400 sókè, ẹ yọ 1000. Píksẹ́lì (ojú kéékèèké tí fọ́tò pín sí, mítà 10 níbùú lóròó) tó jẹ́ 0 kò ní dátà, ẹ má yọ nǹkan kan lára rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ S2_SR_HARMONIZED, àkójọ fọ́tò Sentinel-2 lórí Google Earth Engine, lẹ ń lò, wọ́n ti bá yín yọ ọ́, ẹ má yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ìkùukùu kò le púpọ̀. Ẹ fi SCL, ìpele inú fáìlì tó ń fi nọ́ńbà sọ ohun tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́, bo ìkùukùu àti òjìji rẹ̀ mọ́lẹ̀: nọ́ńbà 3, 8, 9 àti 10. Lásìkò òjò, ẹ lè má rí fọ́tò gidi kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀; Sentinel-1, sátẹ́láìtì tó ń fi radar wo ilẹ̀, ló máa gbà yín, torí ìkùukùu kì í dí radar lójú.

Tí àmì oko yín bá ti inú máàpù àtijọ́ wá, ẹ wò ó bóyá Minna, ìlànà ìwọ̀n ilẹ̀ àtijọ́ ti Nàìjíríà, ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá kà á sí WGS84, ìlànà tí GPS ń lò, ó lè yẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 100. Píksẹ́lì mẹ́wàá nìyẹn, oko ẹlòmíì lẹ ń kọ́ ọ.

Èyí tó kù ló dùn mí jù. Mo da gbogbo píksẹ́lì pọ̀, mo pò wọ́n bí ẹni po gàrí, mo wá bu díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìdánwò. Máàkì ga, inú mi dùn. Àṣé píksẹ́lì méjì nínú oko kan náà, ìbejì ni wọ́n: ẹ fi Táíwò kọ́ ọ, ẹ fi Kẹ́hìndé dán an wò, ṣé kò ní gbà á ni? Ẹ gé ilẹ̀ náà sí ìpín ńláńlá, bíi kìlómítà 10 níbùú lóròó, kí ìpín tí ẹ fi dán an wò má sí lára èyí tí ẹ fi kọ́ ọ rárá. Máàkì tèmi já wálẹ̀ gan-an nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló bá ohun tí mo fojú rí ní Ìdànrè mu.

Ẹ fi orúkọ fáìlì méjì ránṣẹ́, ọ̀kan ti 2021, ọ̀kan ti 2022. Mà á bá yín wò ó lálẹ́ òní.