Ọmọ mi fẹ́ lọ walẹ̀ ní aṣálẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Àbíkẹ́yìn mi tó ń kọ́ ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn ti rí àyè nílé-ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀ kan ní Dakhla, nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni wọ́n máa lọ. Bàbá rẹ̀ ní ooru ibẹ̀ á pa á. Àbúrò mi ní kò gbọdọ̀ dé láìmú wúrà Fáráò bọ̀, kódà kó jẹ́ yẹtí kan. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé kí n di láfún fún un? — Ìyá Bọ̀sẹ̀, Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, mà. Ẹ sọ fún bàbá wọn pé òtútù ni kí wọ́n máa bẹ̀rù. Ìdájí ni wọ́n ń jáde, ọyẹ́ tiwa nílé kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí èmi lọ, súwẹ́tà wà lórí súwẹ́tà, mo tún fi adìrẹ Ìtòkú di etí, síbẹ̀ eyín mi ń gbá ara wọn. Tó bá fi máa di ọjọ́kanrí, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀, akẹtẹ̀ lèèyàn ń wá kiri. Ẹ di òrí fún un, ètè á là.

Iṣẹ́ ọ̀hún, ìkọ̀wé pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìwalẹ̀ lọ. Wọ́n á fi okùn pín ilẹ̀, wọ́n á máa fi tírówẹ́ẹ̀lì bíríkìlà há a díẹ̀díẹ̀. Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá ti yí padà, ó di dúró: wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí a bá ti wà kúrò kò ṣeé dá padà. Wọ́n á wá fi ajọ̀ jọ iyẹ̀pẹ̀ náà. Lóru, atẹ́gùn á tún da iyanrìn sínú ihò.

Ògiri ló máa ń mu akẹ́kọ̀ọ́ lómi jù. Bíríkì amọ̀ tí wọn ò sun ni wọ́n fi kọ́lé láyé ọjọ́un, èyí tó wó àti èyí tó ṣì dúró, àwọ̀ kan náà ni. Bàbá kan, ará abúlé ìtòsí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, á kàn fi ìdí tírówẹ́ẹ̀lì gbá a, á dẹtí: èyí tó bá dún kọ̀-kọ̀ ni ògiri. Bí Bọ̀sẹ̀ bá ti wo àwọn ilé alámọ̀ tó ń wó ní Ìtòkò dáadáa rí, á tètè mọ̀ ọ́n.

Wúrà kẹ̀? Àpáàdì ni! Ọ̀sán ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń kọ nọ́mbà sí i. Àmọ́ kí àbúrò yín má fojú di àpáàdì o. Ní Amheida, tó ń jẹ́ Trimithis nígbà ìjọba Róòmù, ní Dakhla yìí kan náà, wọ́n hú àpáàdì tí wọ́n fi yíǹkì kọ̀wé sí, àní orúkọ kànga wà lára wọn. Wọ́n tún bá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ewì Gíríìkì sára ògiri rẹ̀, ó ti lé ní 1,600 ọdún. Òjò tí kì í rọ̀ ló pa á mọ́. Lábẹ́ Olúmọ níbí, àkọ́rọ̀ òjò kan péré ì bá ti fọ̀ ọ́ dànù.

Ti yẹtí yẹn, ẹ bá mi pe àbúrò yín jókòó. Òfin Íjíbítì nọ́mbà 117 ti ọdún 1983 ní ìjọba ló ni ohun àtijọ́ tí wọ́n bá hú. Àpáàdì kan ṣoṣo nínú báàgì lè sọ ọmọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Òfin tiwa ti 1979 náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú rẹ̀ jáde láìgbàṣẹ.

Láfún kò burú. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni wọ́n máa fún un jẹ jù, pẹ̀lú tíì aládùn. Ṣùgbọ́n alásè ibùdó ló ni ìdáná, kí Bọ̀sẹ̀ yáa bá a dọ́rẹ̀ẹ́ kó tó tú láfún jáde.