Dísù ni tàbí gáàsì? Ẹ̀rọ amúnáwá tó yẹ bọ́ọ̀sì tí ìdílé ń sùn sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹnjiníà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ọ̀fà ni a ń gbé. Bàbá àwọn ọmọ mi ra bọ́ọ̀sì Coaster kan, ó yọ àga inú rẹ̀, ó sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, kí àwa àti àwọn ọmọ-ọmọ wa lè máa lọ pàgọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, pàápàá ní ìtòsí omi Òwù tí ń já bọ́ láti orí àpáta. Òru mẹ́ta mẹ́ta ni a máa ń lò. A ní fìríìjì kékeré kan, fáànù méjì, gílóòbù díẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù 1 hp. Oníṣẹ́ iná kan ní kí a ra ẹ̀rọ amúnáwá dísù 5 kVA. Àbúrò ọkọ mi ní ti gáàsì ló dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù sílíńdà ń bà mí. Èwo ni kí a rà?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àmójútó ìdílé. N ó kọ́kọ́ fún yín ní èsì kí n tó ṣe àlàyé. Fún gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tó tó nǹkan bí 3 kVA, tó ń lo gáàsì ìdáná, tó sì tún lè lo epo bẹntiróòlù bí gáàsì bá tán lójijì, ni mo fọwọ́ sí. Oníṣẹ́ iná yín kò parọ́ nípa agbára dísù, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ dísù fẹ́ràn kọ́ ni ẹ fẹ́ gbé fún un.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlọrin ni ohun tó fẹ́ fi iná náà ṣe, kí a tó dárúkọ epo kankan. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù 1 hp bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ó ń gba nǹkan bí 900 wáàtì. Fìríìjì kékeré ń gba bí 100, fáànù méjèèjì bí 100, gílóòbù àti fóònù tí ẹ fi sí iná kò sì ní ju 100 lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,200 wáàtì nígbà tí ẹ bá lò ó jù, ṣùgbọ́n bí inú bọ́ọ̀sì bá ti tutù tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń sinmi, kò ní ju 300 lọ. Ẹ̀rọ 5 kVA ń pèsè nǹkan bí 4,000 wáàtì. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ ni ẹ ó máa lò nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ní ọ̀pọ̀ wákàtí òru kò sì ní pé ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ni wàhálà dísù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná sí epo. Ṣe ló máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, ìgbóná yẹn ló sì ń mú kí epo tí wọ́n fín sínú rẹ̀ gbiná. Bí iṣẹ́ tí a gbé fún un bá kéré jù, inú ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó, epo kò ní jó tán, èyí tí kò jó yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èéfín bí ọ̀dà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé ẹ̀rọ dísù 10 kVA kan wá bá mi láti abúlé kan lẹ́yìn Ìgbàjà. Gílóòbù mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n kan péré ni olówó rẹ̀ ń fi tàn lálaalẹ́ fún bí oṣù méje. Nígbà tí mo tú sàlẹ́ńsà rẹ̀ tí mo sì ti ìka bọ inú rẹ̀, ohun dúdú tó ń yọ̀ bí ọ̀rá, tó ń rùn bí epo tútù, ló bá ìka mi jáde. Ọkùnrin náà rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù kankan. Iṣẹ́ ni kò rí ṣe.

Ẹ tún wo ìwúwo. Ẹ̀rọ dísù 5 kVA tó wà nínú àpótí tí ń dín ariwo kù sábà máa ń ju 150 kg lọ, nítorí náà ara bọ́ọ̀sì ni ẹ ó so ó mọ́, nítòsí ibi tí àwọn ọmọ-ọmọ yín ń sùn sí. Ẹ̀rọ gáàsì 3 kVA kò ju nǹkan bí 50 kg lọ, géńdé méjì lè gbé e sọ̀ kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀ọ́kán. Èyí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide wà nínú èéfín ẹ̀rọ méjèèjì, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ẹni tó ń sùn láìjẹ́ pé onítọ̀hún ta jí rárá. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní ti gáàsì kò ní in nítorí pé èéfín rẹ̀ mọ́ lójú. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fi mítà 6 jìnnà sí bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì gbé e sí ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí èéfín má baà padà sọ́dọ̀ yín. Nígbà ọyẹ́, láti àríwá-ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá bá wa ní Kwara. Nígbà òjò, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn òkè bíi ti Òwù, atẹ́gùn lè ṣẹ́rí padà, nítorí náà ẹ bu eruku díẹ̀ sókè kí ẹ wo ibi tó ń gbé e lọ. Kí ẹ sì ra aago tí ń ké bí carbon monoxide bá wọlé, èyí tó ń lo bátìrì, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí ẹ ń sùn.

Ní ti ìnáwó, mo ṣírò pé ẹ ó lo nǹkan bí yúníìtì iná 6 lóru kan, irú yúníìtì tí à ń rà sínú mítà nílé. Pẹ̀lú ẹ̀rọ 3 kVA, ìdajì kílò gáàsì ni mo máa ń fojú bù fún yúníìtì kan, èyí tó jẹ́ kílò 3 lóru kan, kílò 9 fún òru mẹ́ta. Ẹ̀rọ dísù 5 kVA tó ń ṣiṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ lè mu lítà 5 lóru kan, lítà 15 fún òru mẹ́ta. Ẹ fi 9 ṣe ìlọ́po owó kílò gáàsì kan, kí ẹ fi 15 ṣe ìlọ́po owó lítà dísù kan lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Ọ̀fà ni kí ẹ ti rọ gáàsì yín kún kí ẹ tó jáde, nítorí pé bí ẹ bá ti ya kúrò lójú títì, ìdánilójú àtirí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ kò sí mọ́.

Ẹ má ṣe ra sílíńdà kékeré. Propane ni àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àdàlù propane àti butane ni gáàsì ìdáná tiwa. Propane ṣì ń di afẹ́fẹ́ kódà bí òtútù bá tó -40°C, ṣùgbọ́n butane kì í fẹ́ di afẹ́fẹ́ mọ́ bí ibi tó wà bá ti tutù tó 0°C. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ wa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ sílíńdà fúnra rẹ̀ ń tutù, nítorí pé gáàsì tó wà bí omi nínú rẹ̀ ń fa ooru ara sílíńdà bó ti ń di afẹ́fẹ́. Mo lo sílíńdà 6 kg fún ẹ̀rọ kan lóru ọyẹ́ kan nítòsí Òmù-Àrán. Nígbà tó di bí aago mẹ́rin ìdájí, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í mí sókè mí sílẹ̀, iná sì ń ṣẹ́jú. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí sílíńdà náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti funfun pẹ̀lú yìnyín tín-ín-rín, bíi ti inú fìríìsà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo rọra dà sí i lára tó fi padà bọ̀ sípò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá iná sí sílíńdà lára láéláé. Láti ìgbà náà, 12.5 kg ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, méjì sì sàn ju ọ̀kan lọ.

Ẹ̀rù sílíńdà tó ń bà yín kì í ṣe ìwà ojo. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló ń lọ sùn sí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sì máa ń sá pamọ́ sí nínú bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ wọ ibi tí ènìyàn ń sùn, kódà nígbà tí ẹ bá ń rìn lọ́nà. Kí àwọn alurinmọ́rin ṣe àpótí irin fún un ní ìta ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, kí wọ́n lu ihò sí ìdí àpótí náà, kí sílíńdà dúró gangan nínú rẹ̀ pẹ̀lú okùn tó dì í mú, kí ẹ sì ti ẹnu rẹ̀ pa kí ọkọ̀ tó gbéra. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá so họ́ọ̀sì, ẹ fi ìfófò ọṣẹ pa oríkèé rẹ̀; bí ìfófò náà bá ń hó, ó ń jò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mi ìbá yí padà bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi bọ́ọ̀sì náà ṣòwò, bí ẹni tó ń ta oúnjẹ tútù tí fìríìsà mẹ́ta sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí iná tí ẹ ń lò kì í sì í já wálẹ̀ kọjá 2,000 wáàtì. Nígbà náà, dísù ni n ó ní kí ẹ rà, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá ń mu dísù, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa mu láti inú táǹkì kan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí páìpù tí ń fa epo lọ sí ẹ̀rọ amúnáwá má ṣe kan ìsàlẹ̀ táǹkì, kí epo tí ẹ ó fi wa ọkọ̀ délé má baà tán sínú fáànù.

Ẹ̀rọ kan máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ bí ó bá ń lo gáàsì dípò bẹntiróòlù, nítorí náà 3 kVA yín yóò máa pèsè nǹkan bí 2,100 wáàtì. Ó tó yín, àfi bí ẹ̀rọ amúlétutù yín bá jẹ́ irú èyí tó máa ń fa iná ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Bí ẹ kò bá tíì rà á, irú èyí tí ń rọra gbéra, tí wọ́n ń kọ ínfátà sí lára, ni kí ẹ rà.

Kí ẹ tó gbé àwọn ọmọ lọ, ẹ gbé bọ́ọ̀sì náà sí àgbàlá yín ní Ọ̀fà, kí ẹ̀yin àti bàbá sun òru kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo iná títàn. Ẹ gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n lálẹ́, kí ẹ tún gbé e sí i láàárọ̀. Iye kílò tó bá dín ni kí ẹ fi rọ́pò 3 tí mo kọ sókè yìí, nítorí pé ti bọ́ọ̀sì yín gan-an nìyẹn.