Èsì: Bí Fury àti Usyk bá tún pàdé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ẹni tí yóò borí bí Tyson Fury àti Oleksandr Usyk, àwọn abẹ̀ṣẹ́ méjì yẹn, bá pàdé lẹ́ẹ̀kẹta. Usyk ni tèmi o. Ẹ tún ráúndì kẹsàn-án ìjà àkọ́kọ́ wò, ti oṣù karùn-ún ọdún 2024: ọwọ́ òsì Usyk ba Fury lójú, Fury ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún lára okùn, rẹfirí sì ka iye fún un bí ẹni tó ṣubú. Nínú ìjà kejì, adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fún Usyk ní máàkì 116 sí 112. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí ni ẹ̀ṣẹ́ tí Fury máa ń gbé láti ìsàlẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Ó fi yọ Usyk lẹ́nu gan-an ní ráúndì kẹfà ìjà àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ Usyk kì í dúró sójú kan.