Mùsùlùmí ní ilé oúnjẹ Róòmù: kí la lè jẹ, kí la máa san?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi ń bọ̀ ní Róòmù láti London lóṣù tó ń bọ̀. Mùsùlùmí ni wá. A kò fẹ́ máa jẹ kebab láti àárọ̀ dalẹ́. Trattoria, ìyẹn ilé oúnjẹ kékeré táwọn ará ìlú ń jókòó sí, la fẹ́ wọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń bà wá lẹ́rù, wọ́n ní kò sí ọbẹ̀ wọn tí kì í sí. Wọ́n tún ní wọ́n máa ń gba owó ìjókòó, àti pé dandan ni kéèyàn ra oríṣi oúnjẹ mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn. Màmá sì rèé, tí kò bá ti lata, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Báwo la ṣe máa ṣe é? — Ìyá Ìbejì, Peckham

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, Ìyá Ìbejì. Trattoria ni iṣẹ́ mi nílùú Róòmù níbí. Inú ilé ìdáná ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó bọ́ síwájú níbi tí a ti ń gbọ́ ohun tí oníbàárà fẹ́ jẹ. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ óò rí oúnjẹ jẹ, ẹ ó sì gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sínú mẹ́nù nìkan o.

Òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kan wà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ó ní kí gbogbo ilé oúnjẹ jẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ bí ọ̀kan nínú ohun 14 tí ara àwọn kan kì í gbà bá wà nínú oúnjẹ wọn: ẹyin, wàrà, ẹ̀pà, ẹja, àlìkámà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí nọ́ńbà wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oúnjẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ kò sí lára mẹ́rìnlá yẹn. Ọtí náà kò sí níbẹ̀. Mo ti rí oníbàárà tó fara balẹ̀ ka gbogbo nọ́ńbà náà tán, tó ní kò séwu, tó wá ní ká gbé carbonara wá fún òun.

Pásítà mẹ́rin ni Róòmù fi ń yangàn: cacio e pepe, gricia, amatriciana àti carbonara. Mẹ́ta nínú wọn, ẹlẹ́dẹ̀ ni ìpìlẹ̀ wọn. Guanciale ni wọ́n ń pe ẹran náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata dúdú pa lára tí wọ́n sì gbé kọ́ títí tó fi gbẹ. Alásè á gé e wẹ́wẹ́ sínú páànù, á jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ yọ́ dáadáa. Tó bá da pásítà àti wàràkàṣì pecorino lé e, gricia nìyẹn. Tó bá jẹ́ tòmátì ló fi kún un, ó di amatriciana. Pupa ẹyin ló ń sọ ọ́ di carbonara. Ọ̀rá tó yọ́ yẹn gan-an ni ọbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún agbáwo pé kó bá yín yọ ẹran kúrò. Á bá yín yọ ọ́ lóòótọ́, ẹ ó sì jẹ ẹlẹ́dẹ̀ náà síbẹ̀.

Cacio e pepe ni tiyín. A óò yan ata dúdú nínú páànù gbígbẹ títí òórùn rẹ̀ á fi gba ilé ìdáná, a óò bu omi tí a fi se pásítà sí i, pásítà á wọlé. Ìgbà tí a bá gbé páànù kúrò lórí iná la tó ń da pecorino sí i, torí bí iná bá pọ̀, ṣe ló máa dì kóróbójóró tí ọbẹ̀ kò ní dán mọ́. Kò sí ẹran ńbẹ̀, kò sí ọtí. Fún Màmá, ẹ béèrè penne all'arrabbiata: tòmátì, aáyù àti ata gbígbẹ, ó parí. Aglio, olio e peperoncino náà dára, aáyù, òróró ólífì àti ata ni. Ẹ sọ fún agbáwo pé "molto piccante", kó lata dáadáa. Ata tiwọn kò lè dé ibi tí ata rodo dé, ẹ má retí ìyẹn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló ní òróró tí wọ́n fi ata rẹ sínú ìgò kékeré, tí wọn á gbé wá fún yín tí ẹ bá béèrè. Bí Màmá bá gbé ata gígún tiwọn sínú báàgì wá, kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí Màmá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé pásítà ibí máa ń le díẹ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé kò jiná. Tí wọn kò bá lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, "ben cotta" ni ẹ máa sọ. Alásè á kùn díẹ̀, á sì sè é sí i.

Báyìí, nípa bí a ṣe ń béèrè. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ẹran wà nínú rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ará ibí, ẹran ni ohun tí a fi ọ̀bẹ gé nínú àwo. Guanciale tí wọ́n fi dín ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, èròjà lásán ni wọ́n kà á sí. Ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ni kí ẹ dárúkọ: "C'è maiale? Anche poco?", ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà ńbẹ̀, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀? Fún ọtí, "C'è vino?" Àwọn orúkọ tí ẹ bá rí lórí mẹ́nù tí ẹ máa fò kọjá ni guanciale, pancetta, prosciutto, speck, salsiccia, mortadella, salame, 'nduja, lardo àti strutto. Strutto yẹn, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yọ́ ni, ó sì máa ń wà nínú àwọn ìyẹ̀fun pípò kan. Pizza diavola lata lóòótọ́, àmọ́ salame ló wà lórí rẹ̀. Bresaola ni kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ nínú àwọn ẹran gbígbẹ wọn, màlúù ni.

Ragù, ìyẹn ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ tó wà nínú lasagne àti bolognese, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi pancetta tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ pọ̀ mọ́ màlúù, wáìnì sì máa ń wọ inú rẹ̀. Risotto náà, wọ́n sábà máa ń da wáìnì sí ìrẹsì rẹ̀. Saltimbocca, ẹran ọmọ màlúù ni, prosciutto ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ tún ro ti páànù. Lálẹ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo tábìlì bá kún, páànù tí amatriciana ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa fi omi ṣàn gààràgà kí wọ́n tó fi se tiyín. Ẹ ní "padella pulita, per favore", páànù tó mọ́. Ẹ tètè lọ pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, torí ìgbà yẹn la máa ń ráyè gbọ́ àlàyé. Tó bá di aago mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ yín lè má dé etí alásè.

Ti wàràkàṣì: láti inú ikùn ọmọ àgùntàn ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń mú wàrà pecorino romano dì, ti parmigiano, láti inú ọmọ màlúù. Àwọn ààfáà kò fẹnu kò lórí ìyẹn. Èyí tí ààfáà yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bó bá jẹ́ màlúù tí wọ́n pa ní bísímílà nìkan lẹ ń jẹ, ẹ fi ẹran trattoria sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ dúró sórí ẹja àti ẹ̀fọ́. Bí ọkàn yín bá gba màlúù ọjà lásán, ẹ gbé Màmá lọ sí àdúgbò Testaccio. Odò ẹran ìlú wà níbẹ̀ títí di 1975, inú ẹran sì di oúnjẹ àdúgbò náà. Ṣàkì wà (trippa alla romana), tòmátì, pecorino àti ewé mínítì ni wọ́n fi ń sè é. Ìrù màlúù náà wà, coda alla vaccinara. Ẹ béèrè o, torí alásè mìíràn máa ń fi guanciale tàbí wáìnì bẹ̀rẹ̀ méjèèjì.

Ibi tó rọrùn jù fún yín, lójú tèmi, ni àdúgbò àwọn Júù, ní òpópónà Via del Portico d'Ottavia. Àwọn ilé oúnjẹ kosher, tó ń tẹ̀ lé òfin oúnjẹ àwọn Júù, wà níbẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọlé sí. Wọ́n máa ń dín carciofo (ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní artichoke ní London) ní odindi, ewé rẹ̀ á là bí òdòdó, á sì máa ró kàwá lẹ́nu. Wáìnì ṣì lè wà nínú ọbẹ̀ wọn, torí náà ẹ bi wọ́n.

Oúnjẹ mẹ́rin yẹn kì í ṣe dandan. Antipasti (ìpanu ìbẹ̀rẹ̀), primi (pásítà àti irú rẹ̀), secondi (ẹran tàbí ẹja), contorni (ẹ̀fọ́), bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Ẹ lè mú pásítà kan ṣoṣo, tàbí ẹja àti ẹ̀fọ́, kí ẹ sì dìde. Ohun tí kò ní dára ni kí ẹni mẹ́ta gba tábìlì lálẹ́ kí wọ́n ra àwo kan. Ẹ̀fọ́ tí mo máa ń sọ fáwọn ará ilé wa ni cicoria ripassata: ó korò díẹ̀, wọ́n fi aáyù àti ata dín in. Tí ebi bá pa Màmá láàárín aago mẹ́ta sí méje, ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ti ti ilẹ̀kùn. Pizza al taglio ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n ń gé tà ní ìwọ̀n. Tòmátì àti òróró nìkan ló wà lórí pizza rossa.

Ó wá ku owó. Owó ìjókòó tí ẹ gbọ́, coperto ni wọ́n ń pè é, ó wọ́pọ̀ káàkiri Ítálì, yúrò 1 sí 3 lórí ẹnì kan. Ní agbègbè Lazio tí Róòmù wà, òfin ọdún 2006 ní kí wọ́n má gbà á mọ́. Búrẹ́dì ni wọ́n lè gba owó rẹ̀, "pane" ló sì máa ń wà lórí rìsíìtì. Bí ẹ kò bá fẹ́ búrẹ́dì náà, ẹ ní kí wọ́n gbé e padà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Omi inú ìgò ni wọ́n máa gbé wá tí ẹ bá ní omi, ẹ sì máa san owó rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn láìdúró lójú pópó, ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ́.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àlejò jù ni ẹja odindi. Tí ẹ bá rí "all'etto" lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye rẹ̀, iye gíráàmù 100 ni, kì í ṣe iye ẹja. Ẹja tí wọ́n kọ yúrò 6 sí, tó bá wọn gíráàmù 800, yúrò 48 ni. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín kó tó wọ inú iná.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ yẹra fún panna cotta, torí gelatin inú rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ọtí wà nínú tiramisù. Wọn kò ní gbé owó tí ẹ máa san wá fúnra wọn, ìwà àìlọ́wọ̀ ni wọ́n kà á sí pé kí wọ́n lé oníbàárà dìde. Ẹ ní "il conto, per favore". Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Tí "servizio" bá wà lórí rẹ̀, ẹ ti sanwó agbáwo nìyẹn. Tí kò bá sí, yúrò kan tàbí méjì ti tó, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín jà tí ẹ kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀.