Èsì: Kí ló dé tí PolitiFact fi pe ọ̀rọ̀ Obama ní òótọ́, tí wọ́n tún wá pè é ní irọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. PolitiFact ni àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà tó ń yẹ ọ̀rọ̀ olóṣèlú wò bóyá òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Obama ni pé tí ìnṣọ́ránsì ìlera tó o ní bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wàá máa lò ó lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò yí padà, òfin ló wọlé dé. Ní 2008 tí wọ́n ní òótọ́ ni, ètò tó fẹ́ ṣe lásán ló wà nílẹ̀, ohun tó sì wà nínú ètò ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó máa fi di 2009 gan-an wọ́n ti já a sí òótọ́ ààbọ̀.

Ibi tó ti wá bàjẹ́ rèé: òfin ìlera tí Obama buwọ́ lù ní March 23, 2010 (Obamacare) fi ìnṣọ́ránsì tó ti wà nílẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí kọ́ńpìnnì bá lọ fi owó tí aláìsàn ń san lápò ara ẹ̀ kún kọjá ààlà, ìnṣọ́ránsì yẹn ti bọ́ lábẹ́ ààbò òfin nìyẹn, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n má pa á tì. Obama ò fi "àfi tí" kankan sí i, ó kàn ń tún un sọ ṣáá. Ìgbà tí lẹ́tà ìfagilé ìnṣọ́ránsì dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní 2013, ó bẹ̀bẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n NBC, PolitiFact sì fi ṣe irọ́ ọdún náà.

Àwọn tó ń ra ìnṣọ́ránsì fúnra wọn lọ̀rọ̀ yìí bá jù o, kì í ṣe àwọn tó ń gbà á níbi iṣẹ́. Àwọn oníròyìn kan pẹ̀lú ò sì ṣe dáadáa tó lójú tèmi, wọ́n á gbé ẹni tó gba lẹ́tà jáde, wọn ò ní bi í léèrè iye tí tuntun máa jẹ́ tí ìjọba bá bá a san nínú ẹ̀.