Ẹ má tí ì pààrọ̀ gbogbo wáyà ọkọ̀ yín nítorí èkúté

Arábìnrin wa tó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ ní èkúté jẹ wáyà inú bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla yín, réwáyà sì ní kí ẹ lọ ra odidi wáyà ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kí òun fi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ gbà fún un tàbí kí ẹ ní kó so èyí tó já. Èsì mi ni pé kí ẹ má tí ì ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó fi gbogbo ibi tó já hàn yín lójúkojú, kó sì fi míítà wọn èyí tó kù. Bí kò bá ju wáyà mẹ́ta mẹ́rin lọ, síso ni. Bí èkúté bá ti jẹ ẹ́ dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tí kò sí gígùn tó ṣeé so mọ́, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ tó yọjú, ọdún ọkọ̀, irú ẹ́ńjìnnì àti irú jíà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá tiyín mu, torí pé wáyà ọkọ̀ ọtọmátíìkì kì í bá ti mánúà mu.

Ohun tó mú kí n le báyìí ni ohun tí ojú mi rí. Mo gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ilé n'Ìbàdàn nígbà tí mo rìnrìn àjò. Nígbà tí mo dé, tí mo ṣíná sí i, ńṣe ló ń gbọ̀n, iná ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì lè gun òkè Mọ́kọ́lá kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi má fun fèrè títí. Mẹkáníìkì ní pulọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kọ́ìlì ni, a pààrọ̀ ìyẹn náà. Wọ́n júwe ẹnì kan fún mi tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, ó gbé síkánà tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ dé, ó sì gbé kóòdù P0203 jáde, ó ní ínjẹ́tọ̀ kẹta, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ti kú. Mo ra ínjẹ́tọ̀ ní Gate n'Ìbàdàn, ó fi í sí i, kóòdù kan náà tún jáde. Ojú kò tì í, ó ní á jẹ́ pé brain box ló jó, ó sì bu iye kan tó tó ra ẹ́ńjìnnì.

Kóòdù yẹn kò sọ pé ínjẹ́tọ̀ bàjẹ́ o. Ohun tó ń sọ kò ju pé ọ̀nà iná tó lọ sí ínjẹ́tọ̀ kẹta kò pé lọ: ó lè jẹ́ ínjẹ́tọ̀, ó lè jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì lè jẹ́ wáyà tó wà láàárín rẹ̀ àti brain box. Ẹni tó gbowó nítorí pé ó ní síkánà, tí kò wá tẹ̀ ba kó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ni mo fẹ́ pè é? Èkúté jẹ wáyà mi, àwọn amọṣẹ́ ló jẹ owó mi.

Bàbá réwáyà kan tí kò ní síkánà rárá ló yọ mí. Ó fi míítà àtijọ́ kan wọn ínjẹ́tọ̀, ó rí nǹkan bí ohm 12, ó ní èyí yè. Ó wọn wáyà láti ibẹ̀ dé orí brain box, míítà kò mira, ìyẹn ni pé wáyà ti já níbì kan. Ó wá ń fi ìka tọ ìdì wáyà náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé abẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó fi ọ̀bẹ la rọ́bà dúdú tó bò ó. Bí ẹ bá wo rọ́bà náà lóde, ẹ ó rò pé kò sí ohun tó ṣe é. Nínú rẹ̀, wáyà kan ti já pátápátá, kọ́pà rẹ̀ ń dán, ojú eyín èkúté sì hàn lára rẹ̀ ní méjì-méjì. Ìtẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀: fóòmù tí ó já láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀rá omi, èèpo ẹ̀pà, àti egungun adìyẹ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọkọ̀ tí iná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣẹ́jú rìn. Epo tí kò jó máa ń ṣàn lọ sínú catalyst, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, á sì bà á jẹ́, ìyẹn sì wọ́n ju wáyà lọ fíìfíì. Bí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún mẹkáníìkì tí ẹ kò mọ̀, ẹ ya fọ́tò abẹ́ ọkọ̀ náà kí ẹ tó lọ, torí pé wọ́n ń yọ catalyst tà.

Ní ti síso, kò le. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ bó ẹnu wáyà, ẹ lo wáyà tó nípọn bákan náà bí kò bá gùn tó. Àwọn réwáyà mọ èyí tó kù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kàn lọ́ ọ pọ̀ kí wọ́n fi téèpù wé e, nítorí ooru ẹ́ńjìnnì yóò tú téèpù náà, omi á wọlé, kọ́pà á sì dípẹtà. Kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí wọ́n sì ki rọ́bà tó máa ń fún mọ́ wáyà nígbà tí iná bá kàn án sí i. Bí fíúsì bá sì ń jó, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi bébà sìgá tàbí fíúsì tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ á jóná ni. Bí ẹ bá gbóòórùn epo, ẹ má ṣíná rárá, torí èkúté máa ń jẹ rọ́bà epo náà.

Ẹ má gbójú lé ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Tèmi kì í ṣe third party lásán, ó kan ọkọ̀ tèmi náà, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n rán wá ya fọ́tò, ó mu omi tútù wa, ó ní ohun tí ẹranko bá jẹ kì í ṣe ìjàǹbá. Third party tí ìjọba sọ di dandan, tí wọ́n gbé owó rẹ̀ láti 5,000 náírà sí 15,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023, ohun tí ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn nìkan ló ń san.

Kí ẹ tó kó ìtẹ́ náà kúrò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ fi omi tí ẹ pò mọ́ bílíìṣì rin ín, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ èkúté ló ń kó ibà Lassa ran ènìyàn, Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó wà nítòsí wa sì ń rí i lọ́dọọdún. Ẹ má fi òtapiapia tàbí májèlé sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì: èkúté á kú sínú ihò ẹ́síì, ẹ ó máa fi imú jẹ ẹ́, ọmọdé sì lè fọwọ́ kan án. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò DDVP, èròjà apakòkòrò tó máa ń wà nínú òtapiapia, ti 100 ml mọ́. Káńfọ̀ tí àwọn kan ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì kò dára bákan náà, òórùn rẹ̀ ń gba ihò ẹ́síì wọlé, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló tí kò ní èròjà G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́.

Pańpẹ́ tí a fi ẹja gbígbẹ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lálẹ́ ló mú èkúté tèmi. Mo fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀, mo gbé ọkọ̀ kúrò nítòsí ààtàn, n kò sì jẹ́ kí gààrí sùn sínú búùtù. Honda ń ta téèpù kan tí wọ́n fi èròjà ata sí, ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣeé wé mọ́ ibi tí wọ́n bá so. Eyín iwájú èkúté kì í dẹ́kun dídàgbà, nítorí náà ohun tó bá rí ni yóò máa họ.

Bí réwáyà yín bá la rọ́bà dúdú náà, ẹ ya fọ́tò ibi tó já, ẹ kọ nọ́ńbà tí síkánà bá gbé jáde, kí ẹ fi iye tó bù fún yín kún un ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó.